Fọ́ọ̀mù Sàrátù àti Ìbéèrè Kẹrìnlá

Nígbà tí Bàbá Sàrátù dìde lórí bẹ́ǹṣì mi lọ́jọ́ náà, tó ká fọ́ọ̀mù yunifásítì ọmọ rẹ̀ sínú àpò bùbá, tó sì bọ́ sí títì láìwẹ̀yìn, mo kọ́kọ́ rò pé mò ń lálàá ni. Ọyẹ́ ló ń fẹ́. Eruku tí àwọn katapílà tó ń la títì Àgbádárìgì ń tú sókè ti bo gbogbo Òkokomáíkò. Kò pẹ́ tí mi ò rí Bàbá mọ́, àfi fìlà rẹ̀ pupa tó ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀ nínú kùrukùru. Ọjọ́rú ni. Fọ́ọ̀mù náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì yunifásítì kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó lù.

"Ó ti tán nìyẹn, Àǹtí," ni Sàrátù wí. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó fọwọ́ lẹ́rán, kò sì sunkún. Àìsunkún yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Taípíìsì ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ìka mi ò tíì gbà. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ ní ọ̀sán, mo máa ń rí i tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí itan mi. Ìgbà owó epo ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lábẹ́ igi fúrúùtù yẹn, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Kóòtù. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n wá fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan tí lẹ́tà "e" rẹ̀ kì í fẹ́ gbéra bí ọyẹ́ bá ti mú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, sí onílé, sí ọmọ tó wà lókè òkun, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Owó wà níta nígbà náà. Ẹni tí kò ní rédíò lánàá á ra ti onírẹ́kọ́ọ̀dù lónìí, á sì ní ká bá òun kọ̀wé sọ fún wọn nílé.

Àìsàn kan wà lára mi tí mi ò ní fi pa mọ́: àlá ojú ọ̀sán. Bí mo bá ti gbọ́ ìró taípù náà pẹ́, ọkàn mi á gbéra, á máa lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni bíríkìlà kan ní kí n bá òun kọ̀wé bẹ onílé rẹ̀ pé kó fún òun ní àyè díẹ̀ sí i. Sọ́jà kan wà ní báráàkì Ọjọ́ tí mò ń rò lọ́jọ́ náà. "Olólùfẹ́ mi" ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà onílé. Nígbà tó di ọ̀túnla, onílé fúnra rẹ̀ gbé lẹ́tà dé, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun àti bíríkìlà jọ pa pọ̀ ṣe. Bàbá Kóòtù rẹ́rìn-ín títí tí gíláàsì ojú wọn fi já bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dijú, wọ́n ní:

"Fúnmi, gbọ́ mi. Ohun tó bá jáde lẹ́nu olóhun ni kó o tẹ̀. Kì í ṣe tìẹ, kì í ṣe tèmi. Bó bá parí, kà á sí i létí lédè rẹ̀, má fo ọ̀kan. Bó bá gbà, kó tẹ̀ka. Ìka ẹni tí kò mọ̀wé, ẹrù ni lọ́rùn ẹni tó mọ̀wé."

Ìlànà iṣẹ́ wa nìyẹn. Lábẹ́ gbogbo ìwé tí ẹni tí kò mọ̀wé bá tẹ̀ka sí, a máa ń tẹ̀ ẹ́ pé a ti kà á fún un, ó sì yé e dáadáa, a ó wá fọwọ́ sí i. Bí ẹjọ́ bá dé lẹ́yìn ọ̀la, àwa ni wọn yóò pè.

Sàrátù ni kí n wá sọ. Ọmọ alágbò kan tó wá láti Ìsẹ́yìn ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìbà. Ó ń ka ìwé mẹ́wàá, ó gbọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ọgbọ́n wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló fẹ́ kọ́. Nígbà yẹn, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, àwọn tó ń retí èsì ìdánwò sì lè tètè fi tiwọn ránṣẹ́ ṣáájú. Àmọ́ àyè ẹ̀kọ́ ìṣègùn ò pọ̀, ẹni tó bá pẹ́, ó di ọdún mìíràn. Ọ̀ràn ọdún mìíràn yìí ni ẹ̀rù rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti bá a rí iṣẹ́ sí báǹkì kan ní ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ti fẹnu kò sí i nílé pé bí fọ́ọ̀mù ò bá lọ lọ́dún yìí, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan owó oṣù láyé owó epo yẹn, kì í padà sídìí ìwé mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń kó ìwé jọ. Kò ní ìwé ìbí, nítorí náà Bàbá Kóòtù mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ búra ọjọ́ orí fún un. Pírínsípà rìnrìn àjò, ìwé ẹ̀rí ìwà rere rẹ̀ dúró sílé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́jọ láìní òǹtẹ̀. Onífọ́tò ní etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, Sàrátù ní òun ò ní ṣí orí sílẹ̀ lójú títì. Ìjà dé, àfìgbà tí mo fi ìró mi ta aṣọ yí wọn ká ká tó rí fọ́tò yà. Mo rántí bó ṣe rí nínú aṣọ yẹn, tí oòrùn ń gba inú ìró wọlé, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí omi ẹyìn. Mo wí nínú ara mi pé, "Dókítà rèé." Mo ti rí i nínú aṣọ funfun, mo ti rí ara mi lórí ìlà tí mò ń retí kó yẹ̀ mí wò.

Bóyá inú àlá yẹn ni mo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí a dé ìbéèrè kẹrìnlá. Fọ́ọ̀mù béèrè iye ọmọ tí òbí rẹ̀ bí, àti ìkelòó tí òun jẹ́ láàárín wọn. Mo bi Sàrátù. Ó ní mẹ́sàn-án ni wọ́n, òun ni ìkẹrin. Tá, tá, tá, mo tẹ̀ ẹ́. Yorùbá ni mí o, mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ṣùgbọ́n eèwọ̀ tí wọ́n bá fi gẹ̀ẹ́sì béèrè kì í tètè dun ènìyàn létí.

Bàbá Sàrátù wá lọ́jọ́rú láti tẹ̀ka sí ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí òbí ti gbà pé òun fọwọ́ sí i. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, òórùn àgbò ò sì fi í sílẹ̀ láíláí. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Akọ̀wé, ó yá, mò ń gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Orúkọ, ó mi orí. Ilé-ìwé, ó mi orí. Mo wá rí ìkẹrìnlá níwájú. Mo lè fò ó. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wá sí mi lọ́kàn, ta ni yóò mọ̀? Bàbá Kóòtù ń tòògbé lórí àga wọn. Ṣùgbọ́n mo kà á.

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni òbí rẹ̀ bí, òun ni ìkẹrin."

"Tún un kà."

Mo tún un kà, ohùn mi ti wọlẹ̀.

"Ta ló ka àwọn ọmọ mi?"

"Bàbá, fọ́ọ̀mù ló béèrè..."

"Mo ní ta ló kà wọ́n? Àgbò ni mò ń kà lọ́jà. Ẹni tó ń ka ọmọ, ṣé ó fẹ́ tà wọ́n ni, àbí ó fẹ́ pa wọ́n?"

Ó wọ bàtà. Ó mú fọ́ọ̀mù lórí tábìlì. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nìyẹn.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo sọ fún Bàbá Kóòtù pé wàhálà àwọn àgbà tí kò kàwé ti pọ̀ jù, pé òyìnbó ń bí ọmọ, wọ́n ń kà wọ́n, wọn ò sì kú. Bàbá Kóòtù kàn fi aṣọ nu gíláàsì wọn, wọ́n nù ún títí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni Ìyá Sàrátù yọ sí wa láti Ìbà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú sí bàbá wọn," ó ní. "Nígbà tí ìjọba ń ka ènìyàn, akọ̀wé kan wọ ilé wa, ó béèrè iye ọmọ. Èmi ti fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bàbá wọn ló dáhùn, inú wọn dùn, wọ́n ní, 'Mẹ́wàá ni, kọ ọ́ sílẹ̀!' Wọ́n tilẹ̀ tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà fún un. Oṣù yẹn ò tán tí èèyi fi mú Múfútáù lọ."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Wọn ò fẹ̀sùn kan ìjọba rí," ó ní. "Ẹnu ara wọn ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn."

Háà! Gbogbo ìbínú mi yọ́ dànù. Mo wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, mo wo àwọn ìka mi tó yára tẹ nọ́ńbà náà láìbìkítà, mo sì kórìíra wọn díẹ̀. Bàbá Kóòtù tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ mí kanlẹ̀. Wọ́n ní a ò lè fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, nítorí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹni tí kò bá dáhùn gbogbo rẹ̀, wọn yóò dá tirẹ̀ padà. A ò sì lè parọ́ nọ́ńbà, nítorí ìlànà.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbéra lọ sí ọjà àgbò tó wà ní Ọjọ́ láti lọ bẹ Bàbá Sàrátù. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn díẹ̀ lára ọ̀nà náà kí n lè ronú, ọyẹ́ sì mú tó jẹ́ pé àwọn igi àgbọn ń fara hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Ibì kan ni mo kọjá tí ìyá kan ti ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá mu ẹ̀kọ. Mi ò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ nínú kùrukùru. "Làtífù o! Adéọlá o! Bísí o!" Bó ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń jẹ́. Mo dúró sójú kan. Kò sí ìyá tó ń fi iye pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Mo tún dúró díẹ̀ sí i kí n lè gbọ́ bí ẹni tó kẹ́yìn yóò ṣe jẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni mo sáré wọ bọ́ọ̀sì.

Àárín àgbò ni mo ti bá a. Ó ń ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, ó ń fi ọ̀pá kan wọ́n lẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró kó fi parí, nítorí ẹni tó bá já ohun tó ń kà mọ́ alágbò lẹ́nu, ìjà ló ń wá. Nígbà tó rí mi, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ àgbò. Mi ò bìkítà.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ṣì í ṣe, kì í ṣe Sàrátù. Mi ò ní kà wọ́n mọ́."

"Fọ́ọ̀mù ń kọ́?"

"N ó họ nọ́ńbà yẹn kúrò. Ẹ kàn bá mi pè wọ́n lórúkọ, kí n kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe pè wọ́n. Ẹ̀ ń pè wọ́n lójoojúmọ́, kò sí eèwọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n ní yunifásítì, ọrùn tirẹ̀ nìyẹn."

Ó wò mí títí. Àgbò kan ń jẹ etí ìró mi, mi ò lé e. Nígbà tó yá, ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tútù." Ó fi àgbò rẹ̀ lé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ inú ilé kékeré tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Kò ya. Inú ìwé kéwú rẹ̀ ló pa á mọ́ sí kó má baà rún.

Bá a ṣe dé Òkokomáíkò, Sàrátù ti ń dúró. Mo mú abẹ réésà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ nọ́ńbà kúrò lórí fọ́ọ̀mù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò mí. Bí ìwé náà bá lu, ó parí nìyẹn, kò sí òmíràn. Bàbá Kóòtù di etí tábìlì mú kó má mì. Nígbà tó mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n wo ìwé tí a so mọ́ ọn. Mo wá ki ìwé tuntun bọ ẹnu taípù.

Bàbá Sàrátù dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun.

"Ráfíù. Simbíátù, òun ló jọ ìyá mi. Kàmórù. Sàrátù, Àbẹ̀kẹ́ mi. Táyé. Kẹ́hìndé. Ìdòwú. Àlàbá." Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ mi náà dákẹ́. Àwọn katapílà nìkan ló ń dún lókèèrè. "Múfútáù," ó ní. "Risikátù."

Ìka mi dúró lókè. Mo wo Bàbá Kóòtù. Ohun tó bá jáde lẹ́nu olóhun ni mo gbọ́dọ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n Múfútáù kò sí láyé, fọ́ọ̀mù yìí sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Bàbá Kóòtù fi ojú fún mi ní àṣẹ. Mo tẹ̀ ẹ́. "Múfútáù." Lẹ́tà "e" ò sí nínú rẹ̀, ó sì jáde geere.

Nígbà tí mo kà á padà sí i létí gẹ́gẹ́ bí ìlànà, tí mo dé orúkọ yẹn, mo béèrè pé, "Bàbá, ṣé kí n fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé fọ́ọ̀mù béèrè àwọn tí mo bí ni àbí àwọn tó kù sí mi lọ́wọ́?"

"Àwọn tẹ́ ẹ bí ni, Bàbá."

"Mo bí i."

Ìgbà yẹn ni Sàrátù sunkún. Ó sun ún débi tí ó fi jókòó sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ kejì ló fi tẹ̀ka. Mo fọwọ́ sí i pé mo ti kà á fún un, ó sì yé e dáadáa. Nínú gbogbo ìwé tí mo fọwọ́ sí láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lọ́rì tó kó àgbò wá ń padà sókè lófìfo, yóò sì gba ìlú tí yunifásítì wà kọjá. Ó gbé Sàrátù àti ìyá rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, fọ́ọ̀mù sì wà ní àyà ìyá rẹ̀ lábẹ́ ìborùn. Mi ò lè tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó, mo ń fi ọkàn bá lọ́rì náà lọ, ìlú dé ìlú. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ pé kó má ta táyà. Bàbá Kóòtù ní kí n lọ sílé, èmi àti iṣẹ́ ò ríra wa. Nígbà tó di Sátidé, Sàrátù sáré wá, ó fi rìsíìtì hàn mí. Òǹtẹ̀ Jímọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n dé nígbà tí akọ̀wé tó ń gbà á ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ti ilẹ̀kùn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn yunifásítì ní kí Sàrátù wá kí wọ́n rí i, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè. Òun ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan ṣí fọ́ọ̀mù òun, ó rí ìwé tí a so mọ́ ọn, ó sì fi ẹnu bírò lé orúkọ àkọ́kọ́ láti kà wọ́n. "Àǹtí, mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo rí lórí ìwé náà. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ò fẹ́ kí wọ́n kà wọ́n.'" Àgbàlagbà náà dé bírò rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà ní bàbá," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn.

Òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé. Bàbá Sàrátù gbé e wá sọ́dọ̀ mi láìṣí i, nítorí ó ní èmi ni kí n kà á fún òun. Mo kà á lédè rẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ti mú Sàrátù sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Omi ń ta sórí tábìlì wa láti ara ewé fúrúùtù, kò sí ẹni tó nù ún. Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n fẹ́ kí a dá èsì padà, kí a sọ bóyá ọmọ náà yóò wá.

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ki ìwé bọ ẹnu taípù. Sọ fún wọn pé ọ̀kan ń bọ̀."

Mo gbójú sókè wò ó. Látọjọ́ tí Múfútáù ti kú, kò sí ẹni tó gbọ́ kí ó fi iye pe ọmọ.

"Ọ̀kan, Bàbá?"

"Ọ̀kan," ó ní. "Kọ ọ́ sílẹ̀."